Òpó Ọlọ́wẹ̀ Lábẹ́ Òrùlé Tuntun: Ohun Tí Mo Rí ní Apá Rockefeller ti Mùsíọ́mù Met

Ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni Mùsíọ́mù Metropolitan tó wà ní New York, èyí tí tọmọdé tàgbà ibẹ̀ ń pè ní Met, tún ṣílẹ̀kùn apá ilé rẹ̀ kan tó ti wà ní títì láti ọdún 2021. Orúkọ Michael C. Rockefeller ni wọ́n fi ń pe apá náà. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Áfíríkà wà, pẹ̀lú ti àwọn tó ti ń gbé ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó débẹ̀, àti ti àwọn erékùṣù Òkun Pàsífíìkì. Mílíọ̀nù 70 dọ́là ni àtúnṣe náà gbà. Inú rẹ̀ fẹ̀ tó 40,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú-lóròó, iṣẹ́ tó lé ní 1,800 ni wọ́n pàtẹ síbẹ̀, nǹkan bíi 500 nínú wọn sì ti Áfíríkà wá. Ní tèmi o, òpó igi kan ṣoṣo ló gbé mi lọ.

Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ló gbẹ́ òpó náà. Wọn kì í sábà dárúkọ ọkùnrin yìí fún ọmọ ilé ìwé nílé, bẹ́ẹ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà káàkiri àgbáyé kì í fi orúkọ rẹ̀ ṣeré. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1873, ṣùgbọ́n Ìsẹ̀-Èkìtì ló ti di gbajúmọ̀, nítorí pé ààfin Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà, ló ti ń ṣiṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọba àti ìjòyè ìlú mìíràn ti ń ránṣẹ́ pè é kó wá gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn yẹn, ti ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, dé ibi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924. British Museum ní àwọn fẹ́ rà á, Ògògà kò gbowó. Pàṣípààrọ̀ ni kábíyèsí ṣe: wọ́n kan àga ọba kan fún un nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀kùn sì jókòó sí London títí di òní. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ìyá náà ti ń yìn ín bí ẹni tó ń gbẹ́ ìrókò bí ẹní ń gbẹ́ igbá.

Ẹni tí wọ́n kì báyìí ní ìlú rẹ̀, mo fẹ́ mọ irú ààyè tí wọ́n fún un ní ìlú onílùú, ní pàtàkì níbi tí wọ́n ti ná irú owó bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí á mọ bí apá ilé yìí ṣe dáyé. Nelson Rockefeller, tó jẹ gómìnà New York láti 1959 sí 1973, tó tún di igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn rẹ̀, ló ń kó irú iṣẹ́ wọ̀nyí jọ. Ó dá mùsíọ́mù kékeré kan sílẹ̀ fún wọn ní New York, ó ṣí i ní 1957, ó sì sọ ọ́ ní Museum of Primitive Art, ìyẹn mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà àwọn aláìlajú. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò sú àwọn èèyàn ìgbà náà láti pè. Ní 1969 ó ṣèlérí gbogbo ẹrù náà fún Met, nígbà tó sì di 1982, Met ṣí apá ilé kan fún un. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Michael, ló fi sọ ọ́. Ọmọ náà ti sọnù ní 1961 ní etíkun ilẹ̀ àwọn Asmat ní New Guinea nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé, ó sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún péré. Ère àti òpó àwọn Asmat ló ń wá kiri. Wọn kò rí òkú rẹ̀.

Ohun tó kó Áfíríkà, Pẹ́rù àti Papua New Guinea sábẹ́ òrùlé kan nìyẹn: baba kan ló kó wọn jọ. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kan tó so wọ́n pọ̀, kò sí ẹ̀sìn kan, kò sí ojú ọ̀nà ìṣòwò kan. Àkójọ ọlọ́rọ̀ kan ṣáá ni. Kí ẹni tó bá wọ ibẹ̀ má gbàgbé ìyẹn, nítorí pé òun ni ìṣòro tí wọ́n gbé fún ayàwòrán ilé láti tú.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé Bronx, ó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ó sì mọ apá náà nígbà tó ṣì wà bó ṣe wà ní 1982, nítorí pé ó máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wọn lọ síbẹ̀. Mo bi í bí ibẹ̀ ṣe rí nígbà yẹn.

"Òkùnkùn," ó dá mi lóhùn. "Wọ́n á tan iná kékeré lé ère lórí, wọ́n á sì pa gbogbo yòókù. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn á dì mọ́ mi lápá. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ wọ ojúbọ."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe irọ́ ló pa. Ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù ilẹ̀ òyìnbó ló ní àṣà yìí nígbà náà: ère Gíríìkì á wà nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan, ti Áfíríkà á sì wà níbi ṣíṣú, bí ẹni pé ẹ̀rù ló yẹ kó kọ́kọ́ ba èèyàn. Ní Met, ìdí mìíràn tún wà. Ògiri gíláàsì ńlá kan tó dagun ló wà ní ìhà gúúsù, tó kọjú sí ọgbà Central Park. Gíláàsì ayé àtijọ́ yẹn kò lè dá ìtànṣán oòrùn dúró, ìtànṣán yẹn sì ni ọ̀tá igi, aṣọ, ìyẹ́ ẹyẹ àti àwọ̀ tí wọ́n fi kun ère. Yóò ṣá àwọ̀, yóò mú igi gbẹ títí yóò fi sán. Òkúta kò bìkítà, wúrà kò bìkítà, ṣùgbọ́n igi ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa. Nítorí náà, wọ́n fi nǹkan bo gíláàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé tí wọ́n kọ́ kó lè máa wo ọgbà sì di ilé tí kò rí ìta.

Ibi tí Kulapat Yantrasast, ayàwòrán ilé náà, ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ bíbí Bangkok ní Thailand ni, òun ló ni ilé iṣẹ́ WHY Architecture, ilé iṣẹ́ ayàwòrán ilé mìíràn, Beyer Blinder Belle, ni wọ́n sì jọ ṣe é. Wọ́n yọ ògiri gíláàsì náà kúrò, wọ́n fi òmíràn tó ń sẹ́ oòrùn sí ipò rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ń wọlé, èyí tó ń ba nǹkan jẹ́ nínú rẹ̀ sì ń dúró síta. Ohun kejì tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ya ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè rìn láti ọ̀dọ̀ àwọn Senufo ti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn Māori ti New Zealand kó má tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti sọdá òkun. Ní báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òrùlé tirẹ̀, ògiri tirẹ̀, ìrìn tirẹ̀.

A dé ẹnu ọ̀nà Fifth Avenue, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àlejò ni mí. Ẹni tó bá ń gbé ìpínlẹ̀ New York, iye tó bá wù ú ló lè san. Àlejò bíi tèmi, 30 dọ́là ni, kò sí ìdúnàádúrà. Ẹ̀gbọ́n mi san tirẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, kò sì jẹ́ kí n rí iye tó jẹ́. Mo ṣírò tèmi sí náírà, mo bá pa fóònù mi.

Gálárì àwọn Gíríìkì àti Róòmù ni aládùúgbò Áfíríkà nínú ilé náà. Òkúta funfun ló wà níbẹ̀, ère ọkùnrin tí kò wọṣọ, òrùlé gíga, ìmọ́lẹ̀ yàlàyàlà. Ṣáájú àtúnṣe yìí, ẹni tó bá ti ibẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ wa yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òun ti kúrò ní pálọ̀ bọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fi ń yin àwọn tó ṣe àtúnṣe yìí ni pé wọ́n pa ìyàtọ̀ yẹn rẹ́. Òrùlé ga, àwọn igi àjà kan sì tẹ̀ kọdọrọ lókè, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí egungun ìhà, ojú a sì máa tẹ̀lé wọn lọ sí iwájú. Ògiri kò dúró ṣanṣan ní gbogbo ibi. Ó máa ń yí, tó fi jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo nǹkan lèèyàn ń rí lẹ́ẹ̀kan náà. Ère Dogon kan láti Málì wà níbẹ̀ tó nawọ́ méjèèjì sókè, ó ga ju mítà méjì lọ, ó sì ti wà láyé kí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé Rockefeller tó ní kọ́bọ̀. Iṣẹ́ ọnà aṣọ ńlá aláró tí Abdoulaye Konaté, ọmọ Málì tó ṣì wà láyé, ṣe ní 2014 náà wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn pé wọ́n fi ẹni tó wà láyé sáàárín àwọn baba ńlá. Ìyẹn nìkan ti tó láti sọ fún ọmọ ilé ìwé pé iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ títí a fi dé ọ̀dọ̀ òpó.

Ó ga tó ọkùnrin tó ga dáadáa, bíi mítà 1.8. Obìnrin ló wà nísàlẹ̀, jagunjagun lórí ẹṣin ló wà lókè, àwọn èèyàn kéékèèké sì wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń ti obìnrin náà lẹ́yìn. Ẹṣin náà kéré ju ẹni tó gùn ún lọ. Ẹni tí kò bá mọ Ọlọ́wẹ̀ á ní kò mọ ẹṣin yà. Irọ́ ni. Ọlọ́wẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe: ẹṣin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ibẹ̀, ọlá ẹni tó gùn ún ni ọ̀rọ̀. Ọrùn gùn, ojú yọ, gbogbo ara èèyàn tó wà lórí òpó náà kúrò lára igi, wọ́n ta síta, tí èèyàn fi lè ti ọwọ́ bọ àlàfo tó wà láàárín apá àti ìhà wọn. Agbẹ́gilére mìíràn á jẹ́ kí òpó wà bí òpó, á kàn fín nǹkan sí i lára. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ inú igi jáde títí igi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ lágbára tó láti gbé òrùlé. Kí ẹni tó bá ti gbẹ́ igi rí lọ ro ìyẹn wò.

"Ta ló ru ta níbí?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, obìnrin ló ru jagunjagun."

"Mo ti mọ̀." Ó ṣe kẹ́ú. "Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i ní hospital."

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ìbéèrè tí mi ò lè dáhùn tán. Ó ní, "Kí ló wá ń gbé ró báyìí?"

Kò gbé nǹkan kan ró. Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Àgbàlá ààfin ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún, níbi tí òrùlé ti ń da òjò sí àárín, tí oòrùn ọ̀sán ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, tí àlejò ọba ń jókòó dè kí wọ́n pè é. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé yẹn ló ń jẹ́ kí àlàfo tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ sọ̀rọ̀: òjìji yóò bọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n, yóò bọ́ sáàárín apá àti ìhà, yóò sì máa rìn bí ọjọ́ ṣe ń yí. Iná kan ṣoṣo láti òkè, irú èyí tí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé wọ́n ń lò látijọ́, ńṣe ló ń pa gbogbo ìyẹn. Yóò tan àtàrí jagunjagun, yóò sì fi obìnrin tó rù ú sínú òkùnkùn. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ tó tóbi jù lọ tí mílíọ̀nù 70 dọ́là yìí ṣe, kì í ṣe ẹwà ilé ni mò ń yìn. Gálárì tó mọ́lẹ̀ yí ká, tí ojú lè kó gbogbo òpó náà láti ẹsẹ̀ dé orí, ló sún mọ́ ohun tí agbẹ́gilére náà ní lọ́kàn jù lọ. Mo yí i ká dáadáa. Mo tún rí ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí fọ́tò inú ìwé kì í fi hàn wá.

Orúkọ Ọlọ́wẹ̀ ló wà níwájú àkọlé. Ìyẹn náà kì í ṣe nǹkan kékeré. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ohun tí àkọlé ère wa máa ń sọ ní mùsíọ́mù ni pé "Yorùbá, Nàìjíríà", bí ẹni pé ìlú lódindi ló jókòó gbẹ́ igi kan. Ẹni tó ra ère náà ni wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọn ò mọ orúkọ ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ orí tí wọ́n kọ fún òpó yìí: "ṣáájú 1938." Ọjọ́ ikú Ọlọ́wẹ̀ nìkan ni ààlà tí wọ́n rí mú. Ní 1996 ni Met rà á, kò sí lára ẹrù Rockefeller rárá. Láàárín ìgbà tí òpó náà wà lábẹ́ òrùlé ọba àti ìgbà tó dé New York, òrùlé ọ̀pọ̀ ààfin ilẹ̀ wa ti yí padà. Páànù dé, símẹ́ńtì dé, òpó igi tí ikán ti ń jẹ ní ẹsẹ̀ di ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ kí òpó bíríkì lè gba ipò rẹ̀. Àwọn kan rà, àwọn kan tà. Kì í ṣe ogun ló kó gbogbo nǹkan wa lọ. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí àwọn ará ilé nínú tí mo bá sọ ọ́, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó má bí wọn nínú.

Ọ̀rọ̀ Ìbìní ní tirẹ̀ kò ní àríyànjiyàn nínú. Ogun ni. Nínú gálárì kan náà ni ìbòjú eyín erin Ìyọba Idia wà. Ó kéré ju bí èèyàn ṣe ń rò lọ, kò gùn ju apá ọmọdé lọ, ó mọ́ ringindin, irin ni wọ́n fi há ẹyinjú rẹ̀, orí àwọn Potogí onírùngbọ̀n àti ẹja ló sì yí adé rẹ̀ ká. Ọba Esigie ló ṣe é fún ìyá rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ẹ̀gbọ́n mi ní kì í ṣe òun kọ́ nìyẹn, pé London ni ti FESTAC wà. Òótọ́ ló sọ: èyí tí Nàìjíríà fi ṣe àmì FESTAC ní 1977 wà ní British Museum, wọ́n sì kọ̀ láti yá wa nígbà tí a bẹ̀ wọ́n. Àmọ́ tibí àti tọ̀hún jọra bí ìbejì. Inú yàrá Ọba Ovonramwen ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti kó wọn ní 1897. Ti New York gba ọwọ́ Ralph Moor, òyìnbó tó ń ṣe àkóso ẹkùn náà fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dé ọwọ́ ìdílé Seligman ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nelson Rockefeller sì rà á lọ́wọ́ wọn ní 1958.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró síwájú rẹ̀ pẹ́. Ìyá wa ní aṣọ FESTAC kan tó ní ojú yẹn lára, a fi ṣe ìbora nígbà tó gbó. "Wọ́n ò tíì dá a padà?" ló béèrè.

Wọ́n dá àwọn kan padà. Ní 2021, ọdún kan náà tí wọ́n ti apá ilé yìí fún àtúnṣe, Met kéde pé àwọn máa dá nǹkan mẹ́ta padà fún Nàìjíríà: àwo idẹ pẹlẹbẹ méjì láti Ìbìní, pẹ̀lú orí idẹ Ifẹ̀ kan tó ti ọ̀rúndún kẹrìnlá wá. Ìtàn àwọn àwo idẹ méjèèjì yẹn ló yẹ kí á kà dáadáa. British Museum ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí mùsíọ́mù Èkó ní 1950. Wọ́n ti wà nílé. Bí wọ́n ṣe tún jáde kúrò ní Èkó kò hàn sí ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn bọ́ sọ́jà, wọ́n dé ọwọ́ olùkójọ kan ní New York, òun ló sì fi wọ́n ta Met lọ́rẹ ní 1991. Orí Ifẹ̀ náà, ńṣe ni wọ́n gbé e wá fún Met kó rà. Met kò rà á, ó ṣètò bó ṣe máa padà sílé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, mùsíọ́mù yẹn àti àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù ilẹ̀ wa tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé àwọn yóò máa yá ara àwọn ní nǹkan.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, ó sì gbọ́ ọ tán. Ó wá ní, "Ìyẹn ni pé èyí tí wọ́n jí lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n dá padà, èyí tí wọ́n jí lẹ́ẹ̀kan ṣì wà níbí." Mi ò rí ẹni tó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe pé kò sí àlàyé. Òfin Amẹ́ríkà àti ti Nàìjíríà lè tẹ̀lé àwo idẹ méjèèjì nítorí pé wọ́n ti wà nínú àkọsílẹ̀ mùsíọ́mù Èkó. Ti Idia, ogun ọdún 1897 ló gbé e, òfin ìgbà yẹn kò sì rí ìkógun bí olè. Àlàyé ni, àmọ́ kò mú kí ojú obìnrin yẹn rọrùn láti wò. Gálárì tuntun kò lè tún ìyẹn ṣe, kódà ó tún mú un hàn sí i: bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe dára tó ni ìbéèrè náà ṣe ń hàn tó.

Apá Òkun Pàsífíìkì ló yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ohun tí mi ò bá wá. Òpó ni wọ́n tún tò síbẹ̀! Àwọn òpó Asmat wọ̀nyẹn ga ju ti Ọlọ́wẹ̀ lọ jìnnà. Igi kan ni wọ́n fi gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèyàn gun èèyàn léjìká títí dókè, wọ́n sì fín ohun pẹlẹbẹ kan bí ìyẹ́ síwájú èyí tó wà lókè pátápátá. Òkú ni wọ́n ń gbẹ́ wọn fún. Bí àjọ̀dún bá parí, wọ́n á gbé wọn lọ sínú igbó ọ̀pẹ ságò, wọ́n á fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jẹrà, kí agbára inú wọn lè wọ ilẹ̀. Àwọn tí kò jẹrà ni èyí tí Michael Rockefeller rà. Ní òkè orí èèyàn ní gálárì yẹn ni òrùlé kan tún wà tí àwọn Kwoma ti Papua New Guinea kun sára èèpo ọ̀pẹ ságò fún mùsíọ́mù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Wọ́n tú u sílẹ̀ fún àtúnṣe yìí, wọ́n sì bá àwọn ará Kwoma sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tún un tò. Maia Nuku, tí ẹ̀jẹ̀ Māori wà lára rẹ̀, ni alábòójútó àkójọ yẹn, èèyàn sì lè rí i pé ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn wà nídìí rẹ̀. Alisa LaGamma ló ń darí apá ilé náà lódindi, òun náà ló ń bójú tó ti Áfíríkà. Ọ̀mọ̀wé gidi ni lórí iṣẹ́ wa, ìfihàn Kongo tó ṣe níbẹ̀ ní 2015 ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn. Àmọ́ mo ń dúró de ọjọ́ tí ọmọ Ìsẹ̀ tàbí ọmọ Ìbìní yóò wà ní irú ipò yẹn.

Nípa ti Amẹ́ríkà àtijọ́, mi ò ní purọ́ fún yín: ẹsẹ̀ ti ń dùn mí. Wúrà pọ̀, aṣọ híhun àwọn ará Andes tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún pọ̀, àwọ̀ wọn kò tíì ṣá. Ẹni tó bá jẹ́ aláṣọ òkè ló yẹ kó lọ wò ó, kó sì kọ tirẹ̀.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ ká sọ. Íjíbítì kò sí nínú gálárì Áfíríkà. Apá tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ní ìhà kejì ilé náà, ó tóbi, èrò sì ń wọ́ tìrítìrí síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti apá Rockefeller, ní oṣù Kejìlá 2021, wọ́n kó àwọn iṣẹ́ kan láti Ìwọ̀-oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà lọ sínú gálárì Íjíbítì, wọ́n tò wọ́n ní méjì-méjì pẹ̀lú tàwọn ará Íjíbítì. Ìyá àti ọmọ ti ibí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àti ọmọ ti ọ̀hún. Bí ilé tuntun ṣe parí, olúkúlùkù padà sí àyè rẹ̀. Lójú tèmi, títìpa tí wọ́n ti ilé fún ọdún mẹ́rin bí nǹkan kan tí ṣíṣí kò lè gbé dúró: Áfíríkà di ilẹ̀ kan ṣoṣo fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ayàwòrán ilé. Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ láàárín ẹ̀ka mùsíọ́mù náà látilẹ̀ ni, ògiri gíláàsì kò sì lè tú u.

Ohun tó sún mọ́ àtúnṣe fún ìyẹn ni fíìmù kéékèèké 12 tí Sosena Solomon, ọmọ Amẹ́ríkà tó ní ẹ̀jẹ̀ Ethiopia, ṣe fún gálárì náà pẹ̀lú àjọ World Monuments Fund. Àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà káàkiri Áfíríkà ló yà, pẹ̀lú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síbẹ̀ ju ibi tó kù lọ. Ó ní òun sinmi ẹsẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí n wá wo bí àwọn kan ṣe ń rẹ́ ògiri amọ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: ọkọ̀ ojú irin 4, 5 tàbí 6 ló máa gbé yín dé 86th Street, ẹ ó wá fẹsẹ̀ rìn lọ sí Fifth Avenue. Wọn kì í ṣí ní Ọjọ́rú. Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé ni wọ́n ń ṣí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ìrọ̀lẹ́ sì ni èrò máa ń dín. Ẹ gba gálárì Gíríìkì kọjá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá yín dúró níbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo Áfíríkà nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì le. Bí ẹ bá ń lọ pẹ̀lú ẹni tó ń gbé New York, kó mú káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ dání. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ilé wá, ẹ mú 30 dọ́là.